Kí ló ń padà wá? Ìbéèrè tó pín ẹ̀sìn Híńdù àti ẹ̀sìn Búdà níyà

Ní ọjọ́ kejì oṣù Keje ọdún 2025, nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí Dalai Lama, àṣáájú ẹ̀sìn Búdà ní Tibet, pé ẹni 90 ọdún, bàbá náà fi ọ̀rọ̀ kan léde láti Dharamsala, ìlú orí òkè tó ti ń gbé ní àríwá Íńdíà. Ó ní ipò òun kò ní í parẹ́ lẹ́yìn òun. Wọn yóò wá ọmọ tí òun bá fi tún ayé wá, àjọ Gaden Phodrang tó wà lábẹ́ ọ́fíìsì òun nìkan ló sì láṣẹ láti na ìka sí ọmọ náà pé òun nìyí.

Lọ́jọ́ náà gan-an ni ìjọba Ṣáínà fèsì. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó lè jẹ́ Dalai Lama bí ìjọba àpapọ̀ ní Beijing kò bá fọwọ́ sí i. Òfin wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lé: láti ọdún 2007 ni wọ́n ti là á kalẹ̀ pé àṣáájú ẹ̀sìn Búdà ní Tibet tó bá fẹ́ tún ayé wá, àfi kí ìjọba buwọ́ lù ú. Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì tó ń ṣàkóso Ṣáínà kì í gbà kí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ẹ̀sìn kankan, síbẹ̀ òun ló ń ṣòfin fún àtúnwáyé.

Ṣùgbọ́n kàyéfì tó jù wà nínú ẹ̀kọ́ Búdà fúnra rẹ̀. Búdà kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pé kò sí ẹ̀mí kankan nínú èèyàn tó dúró bákan náà títí láé, tó ń bọ́ ara kan sílẹ̀ kó lè wọ òmíràn. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n fẹ́ lọ wá? Kí ló ń padà wá?

Ó ti tó nǹkan bí 2,500 ọdún tí wọ́n ti ń fa ìbéèrè yìí ní Íńdíà. Ìdáhùn sí i ló jẹ́ kí ọ̀nà ẹ̀sìn Híńdù, tí àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀ tó bílíọ̀nù 1.2 lónìí, yà kúrò lára ọ̀nà ẹ̀sìn Búdà, tí àwọn tirẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 300. Ẹni tó bá di ìbéèrè kan ṣoṣo yìí mú yóò rí bí karma, nirvana, sísun òkú létí odò, àti ìjà orí caste ṣe so mọ́ra wọn.

Lójú wọn, gbogbo wa ni àbíkú

Ilẹ̀ kan náà ni ẹ̀sìn méjèèjì ti hù, ìyẹn pẹ̀tẹ́lẹ̀ odò Ganga ní àríwá Íńdíà, ohun púpọ̀ ni wọ́n sì jọ gbà. Wọ́n gbà pé ikú kì í ṣe òpin. Ẹni tó kú yóò tún dé, yóò tún kú, yóò tún dé. Ó lè dé bí èèyàn, ó lè dé bí ẹranko. Ó tiẹ̀ lè dé bí ọ̀kan nínú àwọn òrìṣà ní ọ̀run kan tí adùn ibẹ̀ pọ̀, àmọ́ tí ọjọ́ ibẹ̀ náà yóò pé, tí yóò sì tún kúrò. Àyípoyípo tí kò lópin yìí ni wọ́n ń pè ní samsara.

Karma ló ń yí i. Ní èdè Sanskrit, ọ̀rọ̀ náà kò ju "ìṣe" lọ. Àwọn kan nílé wa ń túmọ̀ rẹ̀ sí ẹ̀san. Kò jìnnà sí i, ṣùgbọ́n ẹ̀san máa ń ti ọwọ́ ẹnì kan wá, nígbà tí karma ń hù láti ara ìṣe fúnra rẹ̀ bí iṣu ṣe ń hù láti ara èbù. Nínú ẹ̀kọ́ Búdà, kò sí adájọ́ kankan tó ń pín in. Láàárín àwọn Híńdù, àwọn kan gbà pé Ọlọ́run ló ń bójú tó o. Búdà tún fi ohun kan kún un tó ṣe pàtàkì: èrò tó wà lẹ́yìn ìṣe ni karma gan-an. Ẹni tó ṣèèṣì tẹ èèrà pa kò ru ẹrù kan náà pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ tẹ̀ ẹ́.

Yorùbá tó bá kà á débí lè sọ pé èyí kì í ṣe ohun àjèjì, ṣebí a ní Babátúndé, a ní Yétúndé. Ó yẹ ká rọra. Ìpadàbọ̀ bàbá àgbà jẹ́ ayọ̀ fún wa. Ọmọ ilé ló padà sí ilé. Bolaji Idowu, nínú ìwé tó kọ lórí Olódùmarè ní ọdún 1962, tọ́ka sí i pé ẹni tí a ní ó ti padà wá yìí kò kúrò lọ́run: a ṣì ń pè é níbi orórì rẹ̀, a sì lè rí i lára ọmọ tó ju ẹyọ kan lọ. Irú ìpadàbọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ́ ni àwọn ará Íńdíà ń sọ.

Bí a bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ wọn yé wa, àbíkú ló yẹ ká rántí. Ẹ rántí ọmọ tó ń wá tó ń lọ, tí ìyá ti sunkún títí omi ojú rẹ̀ gbẹ, tí àárẹ̀ mú gbogbo ilé. Lójú Híńdù àti ẹlẹ́sìn Búdà, àbíkú ni gbogbo wa. A ti wá, a ti lọ, a ti tún wá, iye ìgbà náà kò lóǹkà. Àwa máa ń bẹ àbíkú pé kó dúró sáyé. Àwọn ń wá bí lílọ àti bíbọ̀ náà yóò ṣe dópin pátápátá. Híńdù ń pe ìdáǹdè yẹn ní moksha. Ẹlẹ́sìn Búdà ń pè é ní nirvana. Ibi tí wọ́n ti jọ ń rìn nìyẹn. Ibi tí wọ́n ti yà ni ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ń bẹ nínú ìdè náà.

Iyọ̀ inú omi

Ẹ̀sìn Híńdù kò ní ẹnì kan tó dá a sílẹ̀, kò sì ní ìwé kan ṣoṣo tí gbogbo ẹlẹ́sìn rẹ̀ ń tẹ̀ lé. Àwọn ìwé rẹ̀ tó dàgbà jù ni Veda mẹ́rin, èyí tó dàgbà jù nínú wọn sì ti lé ní 3,000 ọdún. Ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ wọn sórí láti ọ̀dọ̀ àlùfáà kan dé òmíràn fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí wọ́n tó kọ wọ́n sílẹ̀. Àwọn ìwé tí wọ́n ń pè ní Upanishad tẹ̀ lé wọn, inú wọn ni ìbéèrè wa sì ti rí ìdáhùn tó lókìkí jù.

Nínú Upanishad tí wọ́n ń pè ní Chandogya, bàbá kan wà tó ń jẹ́ Uddalaka. Ó rán Shvetaketu ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ Veda nígbà tó di ọmọ ọdún 12. Ọmọ náà padà dé ní ẹni ọdún 24, ó ti kàwé, ó sì ti gbéra ga. Bàbá rẹ̀ ní kó da iyọ̀ sínú omi, kó tó lọ sùn. Ilẹ̀ mọ́, bàbá ní, "Gbé iyọ̀ tí o dà sómi lálẹ́ àná fún mi." Ọmọ wá a, kò rí i. Bàbá ní kó tọ́ òkè omi náà wò. Iyọ̀ ni. Ó ní kó tọ́ àárín wò, kó tọ́ ìsàlẹ̀ wò. Iyọ̀ náà ni. Bàbá wá jẹ́ kó mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ohun kan ṣe wà nínú gbogbo ayé tí ojú kò rí, àti pé ohun yẹn gan-an ni òun, Shvetaketu, jẹ́.

Ohun tó wà nínú èèyàn yẹn ni atman. Kì í ṣe orúkọ wa, kì í ṣe ìwà wa, kì í ṣe ìrántí wa, nítorí gbogbo ìyẹn ń yí padà. Òun ni ẹni tó ń wo gbogbo ìyípadà náà láti inú. Ohun tó wà nínú gbogbo ayé, tí ohun gbogbo ti ara rẹ̀ jáde, ni Brahman. Ẹ má ṣì í mú: Brahma ni òrìṣà tó dá ayé, Brahmin sì ni ìran àwọn àlùfáà. Brahman yàtọ̀ sí méjèèjì.

Báwo ni atman àti Brahman ṣe jẹ́ síra wọn? Àwọn ọ̀mọ̀wé Híńdù kò fẹnu kò. Shankara, ní ọ̀rúndún kẹjọ, ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Àìmọ̀ ló mú ká rò pé a yàtọ̀, bí ẹni tó rí okùn nínú òkùnkùn tó pariwo pé ejò ni. Ní nǹkan bí 300 ọdún lẹ́yìn rẹ̀, Ramanuja ní rárá o: atman rọ̀ mọ́ Ọlọ́run bí ara ṣe rọ̀ mọ́ ẹ̀mí, ìfẹ́ ló sì so wọ́n pọ̀. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá, Madhva ní ọ̀tọ̀ ni Ọlọ́run, ọ̀tọ̀ ni àwa. Híńdù ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí rèé tí ó fi ṣòro láti sọ bóyá ọlọ́run kan ni Híńdù ń sìn tàbí ọ̀pọ̀: ẹlòmíràn yóò sọ fún ọ pé Shiva, Vishnu, Ìyá Durga àti Ganesha olórí erin jẹ́ ojú oríṣiríṣi tí Ọ̀kan ṣoṣo fi ń wò wá, ẹlòmíràn yóò ní Vishnu nìkan ni Olúwa, àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́ fún un.

Ohun tí gbogbo wọn gbà ni pé atman ń bẹ, kì í kú. Nínú Bhagavad Gita, níbi tí Krishna ti ń gba Arjuna níyànjú lójú ogun, ó fi ara wé aṣọ: èyí tó bá gbó, ẹni tó wọ̀ ọ́ yóò bọ́ ọ, yóò sì wọ tuntun. Ìdáhùn Híńdù sí ìbéèrè wa nìyẹn. Aláṣọ ló ń padà wá.

Kó tó di pé aláṣọ rí ìdáǹdè, ó ní ohun tó tọ́ kó ṣe láyé, ìyẹn dharma rẹ̀. Dharma ọmọ ilé ìwé yàtọ̀ sí ti baálé ilé, ti ọba sì yàtọ̀ sí ti arúgbó. Owó níní kò burú, ìgbádùn kò burú, bí dharma bá ti ń ṣọ́ wọn. Ọ̀nà tó lọ sí moksha sì ju ẹyọ kan lọ: ọ̀nà ìmọ̀ wà, ọ̀nà iṣẹ́ tí a ṣe láìwo èrè wà, ọ̀nà ìfẹ́ sí Ọlọ́run wà. Ti ìkẹyìn yìí ni ọ̀pọ̀ Híńdù ń tọ̀, pẹ̀lú orin, òdòdó àti àtùpà níwájú ère.

Iná tí kì í kú

Ìlú tí ìgbàgbọ́ yìí ti hàn gbangba jù ni Varanasi, tí wọ́n tún ń pè ní Kashi tàbí Banaras, létí odò Ganga. Àwọn àtẹ̀gùn òkúta tó sọ̀ kalẹ̀ wọ odò níbẹ̀ lé ní 80. Ní èyí tó ń jẹ́ Manikarnika, òkú ni wọ́n ń sun tọ̀sán tòru. Àwọn Dom, ìran tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ló ń tọ́jú iná ibẹ̀. Wọ́n ní iná náà kì í kú. Ọwọ́ wọn ni olówó àti tálákà ti ń gbà á.

Orí àkéte ọparun ni wọ́n máa ń gbé òkú wá, wọ́n á ti fi aṣọ àti òdòdó bò ó, àwọn tó gbé e á máa ké orúkọ Ọlọ́run bí wọ́n ṣe ń gba ojú ọ̀nà tóóró kọjá. Wọn yóò rì í bọ inú Ganga lẹ́ẹ̀kan, wọn yóò gbé e sórí igi. Orí òṣùwọ̀n ńlá ni wọ́n ti ń wọn igi náà, nítorí owó gidi ni. Àkọ́bí ọkùnrin ló sábà máa ń ṣáájú ètò yìí. Yóò ti fá orí, yóò wọ aṣọ funfun, yóò yí òkú náà ká, yóò sì ti iná bọ igi. Ẹkún kì í pọ̀ níbẹ̀; wọ́n ní omijé máa ń fa ẹni tó ń lọ sẹ́yìn. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, tí iná bá ń lọ sílẹ̀, ọmọ náà yóò fi ọ̀pá ọparun la agbárí bàbá rẹ̀ kí ẹ̀mí lè rí ọ̀nà jáde. Lẹ́yìn náà yóò gbé ìkòkò omi, yóò kọ ẹ̀yìn sí iná, yóò ju ìkòkò náà gba orí èjìká kó lọ fọ́ lẹ́yìn rẹ̀, yóò sì máa lọ. Kò gbọdọ̀ bojú wẹ̀yìn.

Kì í ṣe gbogbo òkú ni wọ́n ń sun. Wọn kì í sun ọmọdé, nítorí kò tíì ní ẹ̀ṣẹ̀ tí iná yóò fọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó fi ohun ayé sílẹ̀ pátápátá láti wá moksha: lọ́jọ́ tí wọ́n kúrò nílé ni wọ́n ti ṣe ètò òkú ara wọn, lójú ẹ̀sìn wọ́n ti kú.

Ìgbàgbọ́ àwọn Híńdù ni pé ẹni tó bá kú sí Kashi kò tún ní í padà wá mọ́, Shiva fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ọ̀rọ̀ ìdáǹdè sí i létí. Nítorí náà, àwọn arúgbó ń ti ọ̀nà jíjìn wá kú síbẹ̀. Ilé kan wà nílùú náà tó ń jẹ́ Mukti Bhawan, ìyẹn Ilé Ìdáǹdè. Àwọn tí ikú ti súnmọ́ ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹbí wọn, bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n sì ń fún oníkálukú.

Kìlómítà 10 sí ibẹ̀

Ẹni tó bá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá kúrò ní Kashi, nǹkan bí kìlómítà 10 ni yóò rìn kó tó dé Sarnath. Ọgbà tó dákẹ́ ni. Ilé bíríkì ribiti kan, tó ga tó mítà 40 ó lé, ló dúró níbi tí wọ́n gbà pé Búdà ti kọ́kọ́ kọ́ni.

Siddhartha Gautama lorúkọ rẹ̀, ọmọ ìdílé ọlọ́lá nínú ìran Shakya, Lumbini ni wọ́n sì ti bí i, nílẹ̀ tó ti di ti Nepal báyìí. Ìtàn sọ pé bàbá rẹ̀ fi adùn yí i ká kó má bàa rí ìbànújẹ́ ayé. Ó jáde lọ́jọ́ kan, ó rí arúgbó. Ó tún jáde, ó rí aláìsàn. Ó tún jáde, ó rí òkú. Ní ìkẹrin, ó rí ẹnì kan tó ti fi ohun ayé sílẹ̀, tí ojú rẹ̀ sì balẹ̀. Nígbà tó di ẹni ọdún 29, ó fi ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ tuntun sílẹ̀ lóru. Ọdún mẹ́fà ló fi jìyà nínú igbó, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ febi pa ara rẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Ó wá jẹun, ó jókòó sábẹ́ igi kan ní Bodh Gaya, ìmọ́lẹ̀ sì là fún un níbẹ̀ ní ẹni ọdún 35. Ìtumọ̀ "Búdà" ni "ẹni tó jí". Títí ó fi kú ní ẹni 80 ọdún, kò sọ pé òun ni Ọlọ́run. (Ọkùnrin oníkùn ńlá tó ń rẹ́rìn-ín, tí a máa ń rí nínú ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ṣáínà, kì í ṣe òun, Budai ni wọ́n ń pe ìyẹn.)

Ní Sarnath, ó bá àwọn márùn-ún tí wọ́n ti jọ ń gbààwẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó jẹun. Ó bá wọn sọ̀rọ̀ bí oníṣègùn ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀. Àìsàn rèé: dukkha, ìyẹn ìyà, àti gbogbo àìnítẹ̀ẹ́lọ́rùn tó bá ayé rìn, títí kan ti adùn tí a mọ̀ pé kò ní í pẹ́ lọ. Ohun tó fà á rèé: tanha, tí ìtumọ̀ rẹ̀ gan-an jẹ́ òùngbẹ. Ó ṣeé wò. Oògùn rẹ̀ sì ni ọ̀nà onípele mẹ́jọ: kí a rí ayé bó ṣe rí, kí èrò wa tọ́, kí ọ̀rọ̀ wa tọ́, kí ìṣe wa tọ́, kí iṣẹ́ tí a fi ń jẹun tọ́, kí a sapá bó ṣe yẹ, kí a máa kíyè sí ara àti ọkàn wa, kí ọkàn wa sì lè pa pọ̀ sójú kan. Ó pè é ní ọ̀nà àárín, tí kò sí lápá ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, tí kò sì sí lápá ìfìyàjẹra-ẹni.

Lẹ́yìn náà ló sọ èyí tó ya àwọn Híńdù lẹ́nu: wá atman yẹn títí, o kò ní í rí i. Ohun márùn-ún ló para pọ̀ tí a ń pè ní èèyàn: ara, ìmọ̀lára, ìdámọ̀, èrò àti ìfẹ́-inú, àti ìmọ̀. Gbogbo wọn ń ṣàn bí odò. Kò sí ẹnì kankan tó dúró lẹ́bàá odò náà tó ń wò ó.

Ìwé kan tó ń jẹ́ Milinda Panha sọ bí ọba Menander, ará Gíríìsì tó jọba ní Punjab ní ọ̀rúndún kejì ṣáájú ìbí Jésù, ṣe pe ẹ̀kọ́ yìí níjà. Nagasena, ọ̀kan nínú àwọn monk, ìyẹn àwọn tó fá orí tí wọ́n kọ ilé kọ aya nítorí Búdà, ló dá a lóhùn. Ó bi ọba bóyá ẹsẹ̀ ló fi rìn wá. Ọba ní kẹ̀kẹ́ ẹṣin lòun gùn. Ṣé àgbá rẹ̀ ni kẹ̀kẹ́? Rárá. Ṣé igi tó so àgbá pọ̀ ni? Rárá. Ṣé gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, bí a bá tú u ká sílẹ̀? Rárá. Ibo wá ni kẹ̀kẹ́ wà? Ọba gbà pé orúkọ ni, tí a fi ń pe àwọn nǹkan wọ̀nyẹn nígbà tí wọ́n bá so pọ̀. Nagasena ní bẹ́ẹ̀ náà ni òun ṣe jẹ́ Nagasena.

Bó ṣe wá jẹ́ pé ẹnì kan ń tún ayé wá nígbà náà ńkọ́? Nagasena ní ká wo àtùpà tí wọ́n tàn ní alẹ́ tó jó di òwúrọ̀. Iná ìdájí ha ni iná alẹ́ bí? Kì í ṣe òun gẹ́lẹ́. Ṣé iná mìíràn ni? Kì í ṣe òmíràn náà, nítorí kò já níbì kankan. Bí a bá fi àtùpà kan tan òmíràn, kò sí ohun kan tó fò láti ibì kan síbìkejì, àmọ́ ìkejì kò lè tàn láìsí ìkíní.

Ìdáhùn Búdà nìyẹn. Iná ló ń padà wá, òùngbẹ ọkàn sì ni epo rẹ̀. Ẹ sì wo ohun tí nirvana túmọ̀ sí: kíkú iná. Iná ojúkòkòrò, iná ìkórìíra àti iná àìmọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ní Kashi, iná tí kì í kú ni wọ́n fi ń wá ìdáǹdè. Ní Sarnath, kí iná kú gan-an ni ìdáǹdè.

Nígbà tí karma di ìdè

Ẹ̀kọ́ karma ní ojú kan tó dùn ún gbọ́: ìwà rẹ ni yóò ṣe ọ́ ní ọ̀la. Ó ní ojú kejì. Bí ìwà ìṣáájú ló ń pinnu ibi tí wọ́n bí ni sí, a jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bí sínú ìyà ló jẹ̀bi ìyà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ti fi gbe caste lẹ́sẹ̀, ètò tó pín àwọn èèyàn sí Brahmin tó jẹ́ àlùfáà, Kshatriya tó jẹ́ jagunjagun, Vaishya tó jẹ́ oníṣòwò àti àgbẹ̀, àti Shudra tó jẹ́ òṣìṣẹ́, tó sì ti àwọn kan síta pátápátá pé ìfọwọ́kàn wọn ń sọni di aláìmọ́. Láàárín àwọn Híńdù fúnra wọn náà ni àtakò ti wá: Ravidas, akéwì tó kọrin ìfẹ́ Ọlọ́run ní Kashi yìí kan náà, oníṣẹ́ awọ ni, ìran tí wọ́n ń sá fún ni wọ́n sì ti bí i.

Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mi ètò náà bíi B. R. Ambedkar. Ọdún 1891 ni wọ́n bí i sínú ìran Mahar, tó wà lára àwọn tí wọ́n tì síta. Ó kàwé ní Columbia ní New York àti ní London, ó padà wá di alága ìgbìmọ̀ tó kọ òfin ìpìlẹ̀ Íńdíà, èyí tó fòpin sí àṣà ìtanù náà lábẹ́ òfin. Ní 1935 ló ti sọ ọ́ ní gbangba pé wọ́n bí òun ní Híńdù, òun kò ní í kú ní Híńdù. Ó fi ọdún 21 ronú. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 1956, ní ìlú Nagpur, ó gba ẹ̀sìn Búdà, àwọn tó ju 300,000 lọ sì gbà á pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀jẹ́ 22 ni wọ́n jẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni pé àwọn kò ní í gbà pé Búdà jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìgbà tí Vishnu gbé ara èèyàn wọ̀, ìgbàgbọ́ tó wọ́pọ̀ láàárín àwọn Híńdù. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí Ambedkar fi kú.

Nínú ìwé rẹ̀ tó jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀ pé karma ayé àtijọ́ kọ́ ló ń sọ èèyàn di tálákà. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ẹ̀sìn Búdà sọ pé ó ti yọ ohun tó wà nínú ẹ̀kọ́ náà kúrò. Àwọn tó tẹ̀ lé e kò bìkítà. Nínú ètò ìkànìyàn Íńdíà ti 2011, àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tó mílíọ̀nù 8.4, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ló sì ń gbé ní Maharashtra, ìpínlẹ̀ tí Nagpur wà.

Kí ni wọ́n ń wá ní Tibet?

Ẹ jẹ́ ká padà sí Dharamsala. Nígbà tí ẹ̀kọ́ Búdà tàn kúrò ní Íńdíà, ó pín sí ẹ̀ka. Ní Sri Lanka, Myanmar àti Thailand, ẹ̀ka Theravada ló gbilẹ̀. Ohun tí monk ibẹ̀ ń wá ni kí iná tirẹ̀ kú. Ẹ̀ka Mahayana, tó lọ sí Ṣáínà, Kòríà, Japan àti Tibet, gbé ẹlòmíràn ga: bodhisattva, ẹni tó ti dé ẹnu ọ̀nà nirvana àmọ́ tó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun yóò máa padà wá títí gbogbo ẹ̀dá yóò fi bọ́ nínú ìyà. Nínú ẹ̀sìn tí ìpadàbọ̀ jẹ́ àárẹ̀, òun mọ̀ọ́mọ̀ ń padà. Àwọn ará Tibet gbà pé Dalai Lama jẹ́ ìfarahàn Avalokiteshvara, bodhisattva àánú.

Ìdáhùn kẹta rèé. Ní Tibet, ẹ̀jẹ́ ló ń padà wá. Ìpinnu kan, bí iná, ló ń tan àtùpà tuntun.

Bí wọ́n ṣe ń wá a ni pé kí wọ́n kíyè sí àmì, kí wọ́n sì dán ọmọ wò. Ní 1937, wọ́n dé ilé àgbẹ̀ kan ní abúlé Taktser, wọ́n kó àwọn nǹkan tó jẹ́ ti Dalai Lama kẹtàlá tó ti kú pọ̀ mọ́ àwọn tí kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n tẹ́ wọn síwájú ọmọ ọdún méjì kan. Wọ́n ní àwọn tó jẹ́ ti olóògbé náà gan-an ló mú. Ọmọ náà ni bàbá tó sọ̀rọ̀ ní 2025. Láti 1959 tó ti sá kúrò ní Tibet ló ti ń gbé ní Íńdíà.

Beijing di ìtàn mìíràn mú. Ní 1793, ọba ńlá Ṣáínà ìgbà náà fi ìkòkò wúrà kan ránṣẹ́ sí Tibet pé kí wọ́n máa fi ṣẹ́ gègé láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n bá rí. Àwọn ará Tibet lò ó nígbà mìíràn, wọ́n fò ó dá nígbà mìíràn. Wọn kò lò ó fún Dalai Lama tòní. Ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní oṣù Karùn-ún 1995, Dalai Lama dárúkọ ọmọ ọdún mẹ́fà kan, Gedhun Choekyi Nyima, gẹ́gẹ́ bíi Panchen Lama, àṣáájú tó wà ní ipò kejì sí tirẹ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, àwọn aláṣẹ Ṣáínà mú ọmọ náà àti àwọn òbí rẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni níta kò tíì rí i láti ìgbà náà. Lọ́dún kan náà, wọ́n fi ìkòkò wúrà yan ọmọ mìíràn, wọ́n sì gbé e gorí àga.

Panchen Lama méjì ni ayé ní báyìí, ọ̀kan lórí àga, ọ̀kan níbi tí ẹnì kan kò mọ̀. Dalai Lama méjì náà lè wà lọ́jọ́ iwájú, nítorí bàbá náà ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ tó ń bọ̀ yóò wáyé ní ilẹ̀ tí kò sí lábẹ́ Ṣáínà.

Híńdù ní aláṣọ ló ń padà. Búdà ní iná ni. Tibet ní ẹ̀jẹ́ ni. Ní ti Beijing, ohun tó ń dù kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn, àga ni. Ọmọ tí wọn yóò sì tìtorí rẹ̀ jà kò tíì dáyé.